Họ́mọ̀nù àti Àyípo Ìbísí Abo Àgùntàn

Ní Kétu, Ìkòsì àti agbègbè Mile 12, àgùntàn tí ń jẹ èèpo iṣu àti ewé ẹ̀fọ́ tí ó ṣẹ́kù lọ́jà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ni ìdí tí abo kan fi ń gba akọ lónìí, tí ó sì ń kọ̀ ọ́ lọ́túnla. Àwọn mìíràn a sáré tà á ní gbàǹjo, wọ́n á ní àgàn ni.

Họ́mọ̀nù ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, èyíinì ni èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń sun sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà mìíràn. Àyípo tí ó ń darí lára abo àgùntàn a máa gba nǹkan bí ọjọ́ 17. Kò tọ́ láti pè é ní nǹkan oṣù: kò tó oṣù kan, àgùntàn kì í sì í rí ẹ̀jẹ̀ bí obìnrin.

Láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá. Họ́mọ̀nù tí ó ti ibẹ̀ jáde ń mú kí kókó tí ó so rọ̀ sábẹ́ ọpọlọ sun méjì mìíràn: èkínní ń mú àpò ẹyin dàgbà, èkejì ń bẹ́ ẹ. Bí àpò náà ti ń dàgbà ni òun pẹ̀lú ń sun ẹ́sítírójìn, èyí tí ń mú kí abo wá akọ fún nǹkan bí wákàtí 24 sí 36. Nígbà tí àkókò yìí bá ń parí lọ ni ẹyin ń jáde. Ní ojú ibi tí àpò ti bẹ́, kókó mìíràn a yọ. Orúkọ tí ó bá a mu ni kókó arọ́pò. Òun ni ó ń sun pírójẹ́sítírónù, tí ń tún ilé ọmọ ṣe sílẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí abo tún wá akọ.

Bí kò bá sí oyún, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sun pírósítágíláńdìn ní nǹkan bí ọjọ́ 14 láti pa kókó arọ́pò run. Àyípo á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ọlẹ̀ bá wà, èròjà tí òun ń sun láti nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 13 ni yóò dá ilé ọmọ lọ́wọ́ kọ́. Nítorí náà, bí abo tí akọ ti gùn kò bá tún wá akọ ní ọjọ́ 17, ó ṣeé ṣe kí ó ti lóyún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú sí i ni ọ̀pọ̀ àgùntàn ń wá akọ, nítorí òkùnkùn ni ó ń mú kí ara sun melatóníìn. Ní Èkó, gígùn ọ̀sán kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù kan sí òmíràn, abo sì lè gba akọ nígbàkigbà. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí Iléyá kì í dúró lójú kan. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ni ó fi ń yá síwájú lọ́dọọdún. Oyún àgùntàn a máa tó oṣù 5. Ọlọ́sìn tí ó bá fẹ́ ta àgbò ọlọ́dún kan nígbà Iléyá ní láti jẹ́ kí akọ gun abo ní nǹkan bí oṣù 17 ṣáájú.