Owó Ẹjọ́ Kì í Ṣe Ẹrù Ẹnì Kan: Bí Ilé Òrìṣà Ṣe Lè Dáwó fún Lọ́yà

Ní ọdún 1987, ilé òrìṣà tí Ernesto Pichardo ń darí, Ìjọ Lukumí Babalú Ayé, yá ilẹ̀ ní ìlú Hialeah ní Florida. Kí wọ́n tó ráyè ṣílẹ̀kùn, ìgbìmọ̀ ìlú ti pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n sì ṣòfin tí kò jẹ́ kí wọ́n lè fi ẹran rúbọ níbẹ̀. Ilé òrìṣà náà gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n pàdánù ní 1989, wọ́n tún pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn ní 1991. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, 1993 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà tó fagi lé òfin Hialeah, láìsí adájọ́ kan tó yapa.

Gbogbo olórìṣà ló ń fi ìṣẹ́gun yẹn yangàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a dá lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì kò lè padà síwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀kẹta bí kò bá rí agbẹjọ́rò tó dúró tì í. Ní Texas, àjọ agbẹjọ́rò Becket Fund ló ṣojú José Merced tó fi borí ìlú Euless ní 2009. Ní Brazil, òfin Rio Grande do Sul ti ọdún 2004 tó dáàbò bo ẹbọ kò bọ́ lẹ́nu ẹjọ́ títí Ilé Ẹjọ́ Gíga fi gbè é lẹ́yìn ní 2019. Ẹjọ́ kì í tètè tán, owó rẹ̀ náà kì í sì í tètè tán.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1963 ni ìjọba ti gbọ́dọ̀ wá lọ́yà fún tálákà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn. Ìrànlọ́wọ́ yẹn kì í sábà dé ibi tí ẹjọ́ ti ń bá olórìṣà: onílé tó fẹ́ lé ayálégbé nítorí ìlù, ọkọ àtijọ́ tó ń lo ìgbàwọṣẹ́ òrìṣà láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tàbí ẹjọ́ ìwé ìgbélùú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013 yọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìdílé àti ti ìgbélùú kúrò nínú ohun tí ìjọba ń sanwó fún.

Kíkó owó jọ kò ṣàjèjì sí wa. Ní Salvador ti Bahia, nígbà ẹrú, àwọn ọmọ Áfíríkà, Nàgó wà lára wọn, ń dáwó sínú àpótí kan láti ra ara wọn padà. Ẹni tó bá ti gba òmìnira kò ní ṣíwọ́ dídá, kí ó lè kan ẹlòmíràn. Èsúsú nìyẹn. Owó lọ́yà kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó dá a kò retí pé yóò padà. Ìdí nìyí tí ìṣirò rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti èsúsú lọ.

Kí ilé tó kéde ohunkóhun, kí wọ́n bi lọ́yà ní iye tí ìpele kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá borí ìjọba nínú ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lè ní kí adájọ́ bá òun gba owó lọ́yà padà. Àwọn lọ́yà mìíràn ń torí èyí gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá pàdánù lè san ti ẹnìkejì mọ́ tirẹ̀, nítorí náà kí wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Kí owó wà ní àkáǹtì oníbàárà tó wà lọ́wọ́ lọ́yà, kì í ṣe ní àpò bàbá tàbí ìyá ilé. CrowdJustice ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí lọ́yà tààrà. GoFundMe kì í gba ìdáwó fún ìgbèjà ẹ̀sùn ìwà ipá. Ẹ má ro ẹjọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí olùfẹ̀sùnkàn bá kà níbẹ̀, ó lè kà á síwájú adájọ́.

Tó bá jẹ́ béèlì, èyí tí a san fún ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń padà bí ẹni náà bá ń yọjú. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí oníṣòwò béèlì sábà ń gbà kì í padà. Kí wọ́n sì sọ níbẹ̀rẹ̀ ibi tí owó tó bá ṣẹ́kù yóò lọ.

Èyí tó le jù ni ti ojú mímọ̀. Nígbà tí wọ́n mú Abdulazeez Adégbọ́lá, Tani Ọlọ́hun, ní 2023, tí wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, òkìkí kàn kárí ayé. Ìyàwó òrìṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbó, tí kò ní ju àwọ̀ funfun ọrùn rẹ̀ lọ, ta ni yóò dáwó fún un? Ìdáwó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣojúure sí ẹni tó lókìkí.

Ohun tó lè tún un ṣe ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí ẹjọ́ kí ẹjọ́ tó dé. Kí olúkúlùkù máa dá ìwọ̀nba owó lóṣooṣù, kí ènìyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fẹnu kò ṣáájú lórí irú ẹjọ́ tí àpótí yóò gbé. Kì í ṣe dandan kí ilé gbè sẹ́yìn ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe kó tó wá lọ́yà fún un. Adájọ́ ló ni ìdájọ́. Kí ẹni náà má dá dúró níwájú rẹ̀ ni ti ẹbí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.