Ṣé o mọ̀? Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí olùrà lè fọwọ́ ara rẹ̀ tò
Láti ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Framework ní Amẹ́ríkà ti ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a lè pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn pátákó tí ọpọlọ ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò tán lè ra RAM, tí ẹ̀rọ ń tọ́jú iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sí, níbi tó bá ti dínwó, kó sì fúnra rẹ̀ fi í sínú ẹ̀rọ náà. Olùrà tòkunbọ̀ ní Abẹ́òkúta náà lè jẹ díẹ̀ nínú àǹfààní yìí, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká ThinkPad T480 ti ọdún 2018 ní ààyè méjì fún RAM, ṣùgbọ́n wọ́n jó ti ThinkPad X1 Carbon mọ́ pátákó, kò ṣe é fi kún.