Láti Inú Ìgbẹ́ Ẹran àti Pàǹtí Oko sí Afẹ́fẹ́ Ìdáná: Àlàyé lórí Bàyógáàsì

1. Ìfáàrà
Ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa bàyógáàsì kò gbọdọ̀ yẹ̀ sílẹ̀: bí àgbẹ̀ bá fi ìgbẹ́ ẹran dáná, kí ni yóò fi ṣe ajílẹ̀? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, nítorí pé ẹni tí ó bá sun ajílẹ̀ rẹ̀ ti dín ìkórè ọdún tí ń bọ̀ kù. Nínú bébà yìí, a ó ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń wáyé, a ó sì fi hàn pé iná dídá kò gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

2. Bí Iṣẹ́ Náà Ṣe Ń Lọ
Ibi tí atẹ́gùn kò bá dé ni iṣẹ́ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí a bá po ìgbẹ́ mọ́ omi, tí a sì dé e pa nínú àgbá, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Àwọn kan ń sọ ọ́ di ohun tí ó yòrò sínú omi. Àwọn mìíràn ń sọ èyí di ásíìdì. Àwọn ìkẹyìn ni wọ́n ń mú mẹ́tééènì jáde. Mẹ́tééènì ni ó ń jó. Ó máa ń tó ìdá 50 sí 70 nínú 100 afẹ́fẹ́ náà.

Àwọn ìkẹyìn yìí lọ́ra, wọn kò sì fẹ́ ìnira. Bí ásíìdì bá pọ̀ ju ohun tí agbára wọn ká lọ, inú àgbá yóò kan, iṣẹ́ yóò sì dúró. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa da èèpo gbágùúdá nìkan sí i. Ẹni tí ó bá mọ bí gbágùúdá tí a rìn ṣe ń kan nínú àpò kí a tó yan án ní gàrí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí.

3. Àpòpọ̀
Ohun tí a ń wá ni pé kí kábọ́ọ̀nù tó ìlọ́po 20 sí 30 náítírójìn. Ti ìgbẹ́ màlúù jẹ́ nǹkan bí 24, ti ìgbẹ́ adìẹ nǹkan bí 10, ti pòròpórò àgbàdo nǹkan bí 60. Bí a bá gé pòròpórò wẹ́wẹ́, tí a sì pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, ọ̀kan yóò dí àlébù èkejì.

4. Ìwọ̀n
Ní Íńdíà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ pé ìgbẹ́ màlúù kílò 25 ń mú nǹkan bíi mítà kúbíìkì 1 wá. Ìdílé kan lè fi mítà kúbíìkì 2 se oúnjẹ òòjọ́. Èyí béèrè fún kílò 50 lójúmọ́, láti ara màlúù 4 tàbí 5 tí a so mọ́lẹ̀. Bí a bá fi omi lítà 50 pò ó, tí ó sì gbọ́dọ̀ lo 40 ọjọ́ nínú àgbá, àgbá náà kò gbọdọ̀ kéré sí lítà 4,000. Ẹran tí ń jẹ̀ káàkiri kò lè bọ́ irú àgbá bẹ́ẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé ewu: bí mẹ́tééènì bá tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 atẹ́gùn inú yàrá, iná díẹ̀ lè mú kí ó bú gbàù.

5. Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àgbẹ̀
Kábọ́ọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń bá afẹ́fẹ́ náà lọ. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ kù pátápátá nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ń jáde láti inú àgbá. Púpọ̀ nínú náítírójìn yìí ti di èyí tí gbòǹgbò lè tètè fà mu. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹrọ̀fọ̀ náà sílẹ̀ nínú oòrùn, yóò fò lọ. A gbọ́dọ̀ bò ó, kí a sì tètè ro ó mọ́ ilẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhai, tí a dá sílẹ̀ ní 1985, ti so ẹran ọ̀sìn, ọ̀gbìn àti bàyógáàsì pọ̀ lọ́nà yìí.

6. Ìgúnlẹ̀
Nítorí náà, àgbẹ̀ kò ní láti yan ọ̀kan nínú iná àti ajílẹ̀. Àgbá tí a bọ́ dáadáa yóò fún un ní méjèèjì. Èyí tí a bọ́ ní ìbọ́kúbọ̀ọ́ kò ní fún un ní ọ̀kankan.