Ìtàn Ìlera Ìdílé
Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera bá wọ agbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, tí ó gbọ́ orúkọ bí Málọmọ́ tàbí Dúrósinmi, kí ó fara balẹ̀ bi ìyá àgbà léèrè ìtàn wọn. Orúkọ àbíkú ni wọ́n. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà lára ohun tí ó ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè le koko. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ẹni tí àrùn náà ń dà láàmú. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ni í wò.