"Ó ti ń ṣarán": ọ̀rọ̀ tó ń pa àgbà lẹ́nu mọ́

Tí ìyá àgbà bá béèrè owó ọjà lẹ́ẹ̀mejì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé: "Ẹ má dá a lóhùn, ó ti ń ṣarán." Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa ní Akpassi àti Bantè.

Kí ni ṣarán? Kí ogbó mú ènìyàn máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, kó sì máa gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni. Ó di èébú nígbà tí a bá fi ń pe gbogbo àgbà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ẹ tún wò ó: ẹni tí à ń pè ní "wọ́n" lánàá ti di "ó".

Àgbà tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kì í ta létí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n ní ààlà oko ti yẹ̀, wọ́n á ní arán ló ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n ní owó àwọn ti dín, wọ́n á ní wọ́n gbàgbé ni. Ó sì lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ní Djidja, ní ẹ̀ka Zou tó bá Collines wa pààlà, àwọn olùwádìí yẹ àgbà 502 tó ti tó ọmọ 65 ọdún sókè wò. Àbájáde tó jáde ní 2009 fi hàn pé bíi 3 nínú 100 ni àrùn ìgbàgbé wà lára wọn. Àwọn tí kò ní in ló pọ̀ jù.

Àìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́. Ibà, àìmu omi tó, tàbí oògùn kan sì lè da ọpọlọ àgbà rú fúngbà díẹ̀. Nítorí náà, bí àgbà bá ṣàdédé ń sọ kántankàntan, ẹ tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Òkété bó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí a tó sọ pé àgbà ń ṣarán, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn.