Ẹja Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi Sínú Odò

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ ní Igbó-Ọrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti bo bèbè adágún ẹja mi, ó ti gba inú koríko ṣàn lọ sínú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko. Àrọ̀ ọ̀ọ́dúnrún ni mo kó síbẹ̀. Àádọ́rin péré ni mo rí kó padà. Owó oúnjẹ ẹja oṣù márùn-ún bá omi lọ. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń pẹja láti kékeré, dúró tì mí, wọ́n ní: “Wọn ò kú o. Wọ́n kàn lọ sílé ni.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tù mí nínú nígbà náà, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi. Bí wọn kò bá kú, ǹjẹ́ wọn yóò bímọ níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti sin àrọ̀ rí yóò mọ ìdí tí mo fi béèrè. Nínú adágún, ikùn abo àrọ̀ lè kún fún ẹyin títí, kó má yé e. Abẹ́rẹ́ ni àwọn tó ń ta ọmọ ẹja máa ń gún un. Wọn a dúró fún wákàtí mélòó kan, wọn a sì rọra fún ẹyin náà sínú abọ́. Akọ kì í sábà yè é: wọ́n ní láti la inú rẹ̀ kí wọ́n tó rí àtọ̀ tí wọn yóò pò mọ́ ẹyin. Nínú odò, òjò ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí omi bá kún tó sì ya bo pápá, àrọ̀ a gòkè lóru sí ibi tí kò jìn, wọn a yé ẹyin sára koríko, wọn a sì bá tiwọn lọ. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin ti di ọmọ. (Epìyà kò tilẹ̀ dúró de òjò, inú ẹnu ni ìyá rẹ̀ ti ń pa ẹyin, kódà nínú adágún.)

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Láàárín ọdún 1901 sí 1907, wọ́n kó ẹyin ẹja sámọ́nì láti Kalifọ́níà lọ sí New Zealand, níbi tí kò ti sí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì pa á ní Hakataramea, lẹ́bàá odò Waitaki. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, kò yọrí. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ náà wọ òkun, wọ́n dàgbà, wọ́n sì padà gòkè odò wá yé ẹyin fúnra wọn. Títí dòní ni wọ́n ń bímọ ní Rakaia àti Rangitata. Ní ilé tí wọ́n ti wá, ìdídò Shasta ti dí ọ̀nà mọ́ wọn ní odò McCloud. Ní ọdún 2010, àwọn ẹ̀yà Winnemem Wintu tó ni odò náà rìnrìn àjò dé New Zealand láti lọ rí ẹja wọn.

Àrọ̀ kì í ṣe àlejò bí sámọ́nì. Ọmọ odò wa ni. Ṣùgbọ́n ìran tí à ń sìn ní adágún, àwọn kan ti Netherlands padà wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ àdàlù. Bí wọ́n bá bá ti odò gùn, ìran àtijọ́ lè parẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ní Íńdíà, níbi tí àrọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti jẹ́ àlejò, ìjọba fòfin de sísìn ín, síbẹ̀ ó ti wọ odò Ganges. Tiwa náà kò dúró sójú kan: Ọ̀fìkì àti Òpẹ̀kí, tó ń ṣàn ní ilẹ̀ Ìbàràpá, odò Ògùn ni wọ́n ń lọ bá, Ògùn sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó.

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, èmi àti Bàbá lọ sí odò náà. Ọmọ àrọ̀ tí kò gùn ju ìka lọ wà nínú koríko etí omi. Bàbá bu mẹ́ta sínú igbá, wọ́n yí wọn wò. Mo bi wọ́n bóyá tèmi ni tàbí ti odò.

“Ta ni ó bi wọ́n léèrè?” ni wọ́n wí, wọ́n sì dà wọ́n padà sómi.

Mo ti fi amọ̀ gbé bèbè adágún ga, mo sì ti so àwọ̀n mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde.