Bí Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù Ṣe Kúrò Lórí Afẹ́fẹ́ Bọ́ Sórí Omi

Inú sílíńdà, ìyẹn ihò irin tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, ni epo bẹntiróòlù ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì alùpùpù, iná náà sì lè gbóná ju 2,000 °C lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára epo náà ni ó ń yí táyà. Ìyókù di ooru, apá kan bá èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde, apá kan sì wọ inú irin. Bí ooru yìí kò bá rí ọ̀nà lọ, ọ́ìlì yóò ṣàn jù, písítìnì yóò wú, yóò sì há mọ́ sílíńdà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì.

Ti afẹ́fẹ́

Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń lo afẹ́fẹ́, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò yí sílíńdà ká, kí ojú tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí lè pọ̀. Kò ní omi tó lè jò, kò ní pọ́ǹpù tó lè bàjẹ́, ó sì fúyẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí alùpùpù bá wọ inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, atẹ́gùn a dín kù nígbà tí ooru kò dín, bí sílíńdà bá sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti àárín kì í rí atẹ́gùn tó ti ẹ̀gbẹ́.

Ti omi

Kílò omi kan lè gba nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ooru tí kílò afẹ́fẹ́ kan ń gbà kí ó tó gbóná dé ìwọ̀n kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe la ọ̀nà omi sínú ògiri sílíńdà, tí pọ́ǹpù sì ń ti omi náà lọ sínú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń gba àárín àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ kọjá láti mú un tutù. Tọ́mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń ṣí, kì í jẹ́ kí omi lọ síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Fáànù sì ń ṣiṣẹ́ atẹ́gùn nígbà tí alùpùpù bá dúró lójú kan.

Ìtàn ìyípadà náà

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Alfred Angas Scott, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi omi mú ẹ́ńjìnnì tutù ní ọdún 1908, alùpùpù rẹ̀ sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Senior TT ní erékùṣù Isle of Man ní ọdún 1912 àti 1913. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló dúró ti afẹ́fẹ́ nítorí pé ó ká agbára tí wọ́n ń wá. Kódà Honda CB750 ti ọdún 1969, tó ní sílíńdà mẹ́rin, kò lo omi. Ní ọdún 1971 ni Suzuki mú GT750 jáde, ó sì fi omi yanjú ìṣòro sílíńdà àárín nínú mẹ́ta tó ní. Honda GL1000 tẹ̀ lé e ní ọdún 1974, BMW K100 ní 1983, Kawasaki GPZ900R ní 1984, Harley-Davidson V-Rod ní 2001. Nígbà tí Triumph Bonneville bọ́ sórí omi ní ọdún 2016, wọ́n ṣì fi àwọn irin pẹlẹbẹ sílẹ̀ lára rẹ̀ nítorí ẹwà.

Ohun tó fà á

Agbára nìkan kọ́ ló fa ìyípadà náà. Òfin wà níbẹ̀. Láti ọdún 1999 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi òfin dín èéfín alùpùpù kù, tí ìpele karùn-ún sì bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Omi kì í jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì máa lọ sókè sódò, nítorí náà wọ́n lè ṣe písítìnì kí ó sún mọ́ ògiri sílíńdà dáadáa, kí epo sì jó tán. Omi náà a sì máa bo ariwo mọ́lẹ̀.

Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ilẹ̀ Yorùbá, irú Bajaj Boxer, ṣì ń lo afẹ́fẹ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì kékeré tó rọrùn láti tún ṣe ni iṣẹ́ wọn ń fẹ́. Kí ẹni tó ní irú rẹ̀ máa fọ ẹrẹ̀ kúrò láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ náà, kí ó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Kí ẹni tó ní èyí tó ń lo omi máa yẹ ìwọ̀n omi wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ó má sì ṣe ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí omi gbígbóná tó ń tú jáde níbẹ̀ lè bó ènìyàn lára.